Ọ̀wẹ̀ Àna Lábẹ́ Afárá Rélùwéè

Nunhead, Lọ́ńdọ̀n
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Ṣé orúnkún yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Sìdíkàt àbúrò mi sọ fún mi pé etí yín ò gba ti fóònù mọ́, pé ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́. Yóò máa gbà á lórí fóònù rẹ̀, yóò máa kà á fún yín. Tiyín náà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe ní Sátidé tí n kì í gbé fóònù. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ọrun ni mò ń gbẹ́. Ọrun gidi, èyí tí àwọn ọdẹ fi ń ta ọfà kí ìbọn tó dé. Ọkùnrin kan wà ní Peckham tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ afárá tí rélùwéè ń gbà kọjá, Místà Vincent. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Peckham níbí ni wọ́n bí òun sí. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe láàrín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, ọrun ló ń gbẹ́. Ọjọ́ kan tí mo parí ṣíìfù òwúrọ̀ lórí bọ́ọ̀sì ni mo gba ibẹ̀ kọjá, tí mo rí i tó ń fa ọrun kan. Kò dún rárá. Bàbá, láti ìgbà tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí, n kò tíì rí ohun tí kì í pariwo.

Ó fún mi ní ìtì igi kan, igi Amẹ́ríkà, híkórì lorúkọ rẹ̀. Igi náà le, bẹ́ẹ̀ ló sì ń tẹ̀ láìṣẹ́. Wọ́n là á ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi díẹ̀ ga jù mí lọ. Místà Vincent ní òun ò ní bá mi gbẹ́ ẹ, òun á kàn máa wò mí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo máa ń bá a gbálẹ̀, mo máa ń bá a gbé pákó. Bethany ọmọbìnrin rẹ̀ a máa gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún wa. Iṣẹ́ náà lè tó oṣù Kẹsàn-án kí ó tó parí, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní lè wálé fún Iléyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Abdulqoyyum


Ìwó
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin

Àjàní ọmọ mi,

A wà lálàáfíà. Orúnkún ń dùn mí, ó sì tún wá le sí i láti ìgbà tí Sìdíkàt ti ka lẹ́tà rẹ sí mi létí.

Ọrun kẹ̀! Ta lo fẹ́ ta lọ́fà? Ṣé ogun ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n tí wọn ò sọ fún wa ni? Mo rán ọmọ lọ sílùú òyìnbó, ó ku díẹ̀ kó pé ogójì ọdún, kò níyàwó, kò bímọ, ọrun ló wá ń gbẹ́. Baba ńlá rẹ ju ọrun nù nígbà tó rí ìbọn. Bàbá tèmi ju ìbọn nù nígbà tó rí iṣẹ́ ìjọba. Ìwọ wá ń padà lọ síbi tí gbogbo wa ti sá kúrò. Iléyá lo sì tìtorí igi sọ pé o ò ní wá!

Nígbà tí mo bínú tán, mo ní kí Sìdíkàt tún un kà. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tèmi, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo mọ gbogbo ibi tí àwọn èèyàn máa ń gbé ìkòkò omi ẹlẹ́fọn pamọ́ sí. Ọkùnrin kan ń lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní gbogbo Sátidé. Ó ń gbálẹ̀ fún un, ó ń gbé pákó fún un, bàbá náà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ bàbá náà sì ń gbé oúnjẹ wá. O rò pé n kò mọ orúkọ ohun tí ò ń ṣe yẹn? Ọ̀wẹ̀ àna ni! Mo ṣe é fún bàbá ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ àwọn méjèèjì. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la kọ ebè oko iṣu rẹ̀ ní Tẹ̀lẹ̀mú títí oòrùn fi wọ̀, bàbá náà ò sì sọ ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ. Kí ọdún tó yípo, wọ́n fún mi níyàwó.

O ṣe dáadáa. Àmọ́ ta ló ń dá nìkan ṣe ọ̀wẹ̀ àna? Wọn á ní ọmọ yìí ò lẹ́nì kan. Akínkúnlé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Catford níbẹ̀, kí ló ń ṣe? Sọ òótọ́ fún mi: irú ilé wo ni ọmọ náà ti wá? Mùsùlùmí ni wọ́n, àbí onígbàgbọ́?

Èmi bàbá rẹ,
Kàbírù


Nunhead
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí mo ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ka lẹ́tà yín, mo kígbe débi pé obìnrin kan bi mí bóyá mo gbọ́ òkú ni.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kò sí ọ̀wẹ̀. Kò sí àna. Igi ni mo ń gbẹ́. Tí mo bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì, ṣé ẹ máa ní mo fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì ni? Bethany ń gbé oúnjẹ wá torí pé bàbá rẹ̀ kò ní rántí jẹun bí wọn ò bá gbé e síwájú rẹ̀. Èmi kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Bethany sí i rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi náà fún yín, torí òun ló wà lọ́kàn mi. Tí ẹ bá gé igi, ẹ ó rí àwọn òrùka nínú rẹ̀, òrùka kan fún ọdún kan. Ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn apá tó kọjú sí ohun tí èèyàn fẹ́ ta, gbọ́dọ̀ jẹ́ òrùka kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀. Tí ọ̀bẹ bá gé òrùka náà já níbì kan, ibẹ̀ ni ọrun máa ti ṣẹ́. Èèpo igi ni mo ń bó tí mo fi gé e já. N kò tiẹ̀ mọ̀. Bethany ló rí i. Ó gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó fi èékánná tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “O ti pa á lára.” Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ náà láti kékeré, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ fíìfíì. Bethany náà ló fi hàn mí pé kò tíì bàjẹ́, pé kí n bó gbogbo òrùka yẹn kúrò látòkè délẹ̀, kí n lọ bá èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe ìyẹn. Bethany ní ọwọ́ mi wúwo jù, pé bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì ni mo ṣe ń di ọ̀bẹ mú.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí pé igi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan fún Uncle Akínkúnlé o.

Ọmọ yín,
Abdulqoyyum


Ìwó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Àjàní,

Mo ti gbọ́. O ní igi ni. Igi náà ni. N kò ní sọ nǹkan kan mọ́.

Bàbá rẹ


Ìwó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Akínkúnlé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní Catford,

Mo kí ìwọ àti ìdílé rẹ. Má fi lẹ́tà yìí han Abdulqoyyum.

Àbúrò rẹ ti rí ìyàwó, ojú ló ń tì í. Ó kọ lẹ́tà sí mi pé igi lòun ń gbẹ́, ó wá pe orúkọ ọmọ náà ju orúkọ igi lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ náà ló ti ń dá ṣe ọ̀wẹ̀ ní Peckham, lábẹ́ afárá rélùwéè, ní gbogbo Sátidé. Ìtìjú gbáà ni fún ìdílé wa pé òun nìkan ló ń ṣe é, bí ọmọ òrukàn. Mo ti bi Ìmáàmù léèrè. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá, wá èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ mọ́sálásí yín. Ẹ ra iṣu tó dára, ẹ ra oyin. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ o, iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni kí ẹ gbà ṣe, kí ẹ sì ṣe é tagbáratagbára, torí àna ò fẹ́ rí ọ̀lẹ. Tí òógùn bá ti bò yín, kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, kí ẹ tọrọ ọmọ.

Bàbá yín ní Ìwó,
Kàbírù


Nunhead
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá o. Sìdíkàt fi fọ́tò àgbò yín hàn mí, ó tóbi bíi màlúù. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi tí ẹ dákẹ́. Inú mi dùn sí i, mo ní kí n sọ ọ́.

Ọrun náà ti ń dà bí ọrun. Ó ti wà lára igi ìdánwò báyìí, ìyẹn òpó kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Èèyàn á gbé àárín ọrun lé e lórí, á so ọṣán, ìyẹn okùn ọrun, mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, á wá fi okùn kan fa ọṣán náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó máa dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á wò ó bóyá apá méjèèjì tẹ̀ dọ́gba. Ibi tó bá le, á fi ọ̀bẹ há a díẹ̀, á tún padà fà á wò. Tí ó bá ti rí ibi tí kò dọ́gba, kò gbọ́dọ̀ fà á kọjá ibẹ̀ kó tó tún un ṣe. Místà Vincent ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti rí i pé ó ti fẹ́ parí, wọ́n á wá kánjú.

Bàbá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín nígbà tí ọrun yìí bá parí. Kì í ṣe ìsinsìnyí. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi.

Ọmọ yín,
Abdulqoyyum


Nunhead
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá,

Mo kí yín. Ìkíni náà ò ti ọkàn mi wá, Ọlọ́run sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, mo lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó padà dé, Uncle Akínkúnlé ti wọlé pẹ̀lú agbádá funfun. Habeebullah àti Uncle Babátúnjí láti mọ́sálásí tẹ̀lé e, wọ́n ru iṣu láti Brixton. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Místà Vincent rò pé káńsù ló rán wọn wá lé òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Habeebullah gbá gbogbo eruku ilẹ̀ lu aga kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, kò tíì gbẹ. Uncle Babátúnjí ń kó pákó tí ọkùnrin náà fara balẹ̀ tò sí ibi tí kò yẹ. Uncle Akínkúnlé wá ń bèèrè pé, “Èwo ló le jù níbí?” Ó rí okùn tó rọ̀ wálẹ̀ lára ọrun mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó ní “Bísímílà,” ó fà á.

Bàbá, gbàù ló dún. Ọrun mi ṣẹ́ sí méjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń gbẹ́ igi yẹn!

Kò tiẹ̀ tó wọn. Uncle Akínkúnlé wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún igi. Òógùn ń ro tótó lára rẹ̀, ó ń sọ fún Místà Vincent lédè òyìnbó pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà rẹ̀, àwọn fẹ́ já a. Ó ní gbogbo Sátidé tí mo ń wá yẹn, torí ọmọ rẹ̀ ni, pé bàbá wa ní Ìwó ti mọ̀ ọ́n. Bethany dúró lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?” Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa ọrun tó ṣẹ́. Ó gbé oúnjẹ náà sílẹ̀, ó sì jáde. Bàbá rẹ̀ ní kí gbogbo wa máa lọ, kí èmi náà má wá mọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ó dáa, ẹ ti ń fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ ọ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ parí ọrun náà, kí n gbé e lé e lọ́wọ́, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. N kò sọ fún yín torí pé n kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún òun gan-an. Ẹ wá gbà á lẹ́nu mi, ẹ gbé e fún Uncle Akínkúnlé. Ẹ kò lè ní sùúrù fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan láyé yín. Ẹ ti ba nǹkan jẹ́ fún mi, Bàbá.

Abdulqoyyum


Ìwó
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Abdulqoyyum,

Lẹ́tà yẹn, ṣé bàbá rẹ lo kọ ọ́ sí? Mo ní kí Sìdíkàt tún un kà, bóyá ó ka ti ẹlòmíì ni.

Èmi la wá bú! Ìwọ lo parọ́ fún mi. O ní igi ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe igi. Bí o bá ti sọ òótọ́ fún mi ní oṣù Kẹrin, ṣé màá rán Akínkúnlé láìjẹ́ kí o mọ̀? Èmi kọ́ ni mo ní kí ó fa okùn. Mo ní kí ó ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ wa, ebè kì í ṣẹ́ tí èèyàn bá kọ ọ́ tagbáratagbára. Ta ló mọ̀ pé iṣẹ́ wà lóyìnbó tí agbára ń bà jẹ́?

Lọ bẹ bàbá náà. Kí o sì kọ̀wé sí mi pé o ti bẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Kàbírù


Ìwó
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹjọ

Àjàní,

Mo retí lẹ́tà rẹ títí. Sìdíkàt ní o ń ka ohun tí òun bá fi ránṣẹ́, pé o kàn ò dáhùn ni. Akínkúnlé náà ní o ò gbé fóònù òun.

Ṣé torí igi tó ṣẹ́ lo ṣe fẹ́ pa bàbá rẹ tì? Inú ń bí mi sí ọ gidigidi. Mo jí lówùúrọ̀, mo bi Sìdíkàt bóyá lẹ́tà dé, ó ní rárá, mo kọ oúnjẹ. Ó tún bú mi, ó ní mo ti dàgbà jù fún irú èyí. Gbogbo yín lẹ ti ń bú mi nílé yìí.

Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ti dákẹ́ báyìí, ó dùn ọ́ ni. Sọ̀rọ̀. Bú mi tí ó bá wù ọ́, n kò ní kọ̀ ọ́, ṣáà sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ


Nunhead
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé. Ara mi le. Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ kí Sìdíkàt tún bá mi jà.

Mo ti bẹ Místà Vincent. Ó gba ẹ̀bẹ̀. Ó ní igi ni igi ń jẹ́, òun ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣẹ́. Ó fún mi ní ìtì híkórì míì, ṣùgbọ́n Bethany kò gbé oúnjẹ wá mọ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ ń pa ebi mọ́nú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí, bọ́ọ̀sì mi dúró ní Rye Lane, Bethany wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi ku òun nìkan. Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnì, ó ní kí n gbọ́ òun.

Bàbá, ó sọ̀rọ̀ sí mi! Ó ní, “Bàbá mi lo ṣiṣẹ́ fún. Bàbá mi ni bàbá rẹ rán èèyàn sí. Bàbá mi ni ẹ gbé iṣu fún, bàbá mi ni ẹ dọ̀bálẹ̀ fún. Ta ló bi èmi? Ṣé pákó bàbá mi ni mí ni?” Ó ní bàbá òun mọ̀nà ilé oúnjẹ dáadáa, pé torí kí n lè bá òun sọ̀rọ̀ lòun ṣe ń gbé oúnjẹ wá, èmi sì ń sọ̀rọ̀ òrùka igi. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò tíì ní òun gbà, òun ò sì tíì ní òun kọ̀. Ó ní ẹni tó ń kọ lẹ́tà kiri yẹn, ìyẹn ẹ̀yin, kí ó kọ ọ̀kan sí òun, kí òun gbọ́ ohun tó fẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wò ó, Bàbá, mo ní ohun tó pọ̀ láti sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ara mi sú mi.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́. Èmi ni màá túmọ̀ rẹ̀ fún un, n kò sì ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.

Ọmọ yín,
Abdulqoyyum


Ìwó
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi Bethany,

Mo kí ọ, mo kí bàbá rẹ, mo kí ìyá tó bí ọ. Èmi ni bàbá Abdulqoyyum.

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ pé o ní kí n kọ̀wé sí ọ. Níbi tí wọ́n ti bí mi, àgbàlagbà kì í bá ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, bàbá rẹ̀ là ń bá sọ ọ́. Sìdíkàt ọmọ mi wá bi mí pé, “Bàbá, ìjọ́hẹn ńkọ́?” Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọbìnrin fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Kí ìyẹn tó wáyé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ru iṣu lọ sílé bàbá rẹ̀. Mo ti fò ó.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe láyé mi. Ilé onílé la máa ń wọ̀, a ó ṣí ìkòkò wò, a ó bojú wo ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó ń ní kí a kanlẹ̀kùn. Ó ti mọ́ mi lára. Ní báyìí mo ń kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi kò lẹ́nu. Láti kékeré, tí ó bá fẹ́ nǹkan, kì í tọrọ rẹ̀. Á kàn máa ṣiṣẹ́ yí i ká ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, a ò rí omijé lójú rẹ̀. Ó tún gbogbo aga ilé yìí kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà rò pé kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Nítorí náà, tí ó bá ń sọ̀rọ̀ òrùka igi fún ọ, gbọ́ ọ dáadáa, ìwọ ló ń bá wí.

Èmi Kàbírù ni mò ń bi ọ́: ṣé wàá fẹ́ ọmọ mi? Bí o bá ní rárá, rárá náà ni. N kò ní rán ẹnì kan wá mọ́, bàbá rẹ kò sì ní dá nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ó pẹ́. Àjàní lè dúró títí ayé. Èmi ni n kò lè dúró, mo ti dàgbà, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn kí n tó lọ.

Èmi ni,
Kàbírù


Peckham
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ èyí. Mo ka lẹ́tà yín fún un lánàá, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ti ń ṣí ìkòkò onílé. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ Mọ́mì wà, mo dojú fóònù délẹ̀ ná. N kò mọ̀ pé ẹ mọ̀, Bàbá. Ó dúró dè mí títí mo fi kà á tán.

Ó wá ní, “Bàbá rẹ ti sọ tiẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?” Místà Vincent sáré jáde, ó ní òun fẹ́ wo rélùwéè. Mo sọ ọ́, Bàbá. Mo fẹnu ara mi sọ ọ́, n kò sì sọ̀rọ̀ igi rárá. Ó gbà. Bethany gbà!

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Evelyn ìyá rẹ̀ wà ní Jàmáíkà, kò tíì gbọ́, Bethany sì fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún un nígbà tó bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni o, Bàbá.

Ọmọ yín,
Abdulqoyyum


Ìwó
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú oríire o! Ayọ̀ ń gbé mi sọ, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ibi tí mo ti kà pé “Bethany gbà” ni Bàbá ti dìde. N kò tíì dé ibi “ẹ jọ̀ọ́.” Mo ń pariwo tẹ̀lé wọn lójú títì, wọn ò gbọ́. Wọ́n wọ mọ́sálásí, wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ládánì, wọ́n dúró, ẹkún ló ń jáde. Àwọn èèyàn rò pé òkú ni wọ́n fẹ́ kéde. Ìmáàmù ti ń ṣe “innà lilláhi,” àwọn obìnrin ti ń ká ọwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ni Bàbá wá rí ohùn, tí wọ́n kígbe pé, “Ó gbà! Ọmọ náà gbà!” Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n délé, mo ka ìyókù fún wọn. Wọ́n ní kò burú, ìyá ìyàwó nìkan ló ṣẹ́kù, kí n bá àwọn wá nọ́ńbà rẹ̀.

Àbúrò yín,
Sìdíkàt